Kò Sí Mọ́

Ọdún mọ́kànlá rèé tí Ẹlẹ́rìn-ín ti sọ ọ̀rọ̀ náà, Agídí kò sì gbàgbé ẹyọ kan níbẹ̀: "Àwọn oníbàárà rẹ ní àwọn ò fẹ́ arọ tí yóò máa gun òrùlé àwọn."

Púlọ́mbà ni àwọn méjèèjì. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n sì jọ gbà. Agídí, tí kò kọjá ìwé kẹrin, ló mọ páìpù í tò; Ẹlẹ́rìn-ín ló mọ ẹ̀rín í rín. Bí Agídí bá parí iṣẹ́ nílé kan, ọ̀dà pupa ni yóò fi kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sábẹ́ síńkì, kí onílé lè rí i lọ́jọ́ tí omi bá tún ń jò. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń wá. Ilé méjìlélógójì ni nọ́ńbà yẹn wà lọ́jọ́ tí Agídí já bọ́ láti ìdí táǹkì omi lórí òrùlé, tí itan rẹ̀ ṣẹ́, tí fóònù rẹ̀ sì fọ́ túútúú.

Oṣù mẹ́rin ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn onílé náà tó wá wò ó. Nígbà tó fi ọ̀pá rìn dé ṣọ́ọ̀bù, Ẹlẹ́rìn-ín mi orí, ó sọ ọ̀rọ̀ arọ yẹn fún un.  Agídí fi ìbínú kó sípánà rẹ̀, ó lọ gba ṣọ́ọ̀bù sí apá kejì ìlú, ó sì búra pé òun kò ní tẹ ilé ẹnikẹ́ni nínú wọn mọ́ láé. Ẹni tó bá pe òun ní arọ, kí omi gbé onítọ̀hún lọ tòun ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìbínú kì í wá iṣẹ́ fún èèyàn. Ọ̀dọ̀ alárenà kan ni Agídí ti wá ń ra nọ́ńbà àwọn onílé tí páìpù wọn bàjẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, alárenà fi àdírẹ́sì ránṣẹ́. Agídí gbé àpótí irinṣẹ́, ó wọ bọ́ọ̀sì méjì. Ó dé ẹnu géètì, ó bá púlọ́mbà mẹ́rin tí wọ́n ti tò síbẹ̀. Àdírẹ́sì kan náà ni alárenà tà fún gbogbo wọn.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe ìkarùn-ún, bàbá," ni ọ̀kan wí. "Onílé ní ẹni tó bá pe iye tó kéré jù lòun máa gbé iṣẹ́ fún."

"Ìwọ lọ fọ̀fẹ́ ṣe é fún un, kó o fi ìyàwó rẹ ṣe èènì." Agídí yí padà.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tó délé, tó ju àpótí sílẹ̀ gbì.

"Bàbá mi, ta ló ń júwe yín fún èèyàn?"

"Kò sí."

"Ẹ ò rí i? Nọ́ńbà tí alárenà ń tà, òkú ẹran ni, gbogbo igún ló ti gbóòórùn rẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ bá ṣiṣẹ́ fún tó dáa ló máa sọ fún aládùúgbò rẹ̀, tí aládùúgbò á sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn èèyàn yín àtijọ́ ńkọ́?"

"Àwọn tó pè mí ní arọ?"

"Ṣé etí yín lẹ fi gbọ́ ọ lẹ́nu wọn?"

 Ọjọ́ mẹ́ta ni Agídí fi bínú sí ọmọ náà. Ní ọjọ́ kẹrin, ó gbéra. Kì í ṣe iṣẹ́ lòun ń wá lọ o. Òun fẹ́ lọ bi wọ́n lójúkojú ni.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Olùkọ́, tí í ṣe oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́, ló lọ. Ó kan ilẹ̀kùn. Ìyá ṣí i, ó rí i, ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

"Yéè! Ta lèyí?"

"Èmi ni, màmá. Arọ yín."

"Arọ wo? Ṣebí o ti kú!"

Inú ilé ìdáná ni ìyá fà á lọ. Ó ṣí abẹ́ síńkì. Gbogbo ògiri ibẹ̀ ti di funfun, àfi ibì kan tó ṣẹ́kù bí fèrèsé kékeré, níbi tí nọ́ńbà pupa wà.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kun ibí yìí. Mi ò jẹ́ kí wọ́n kun orí rẹ̀. Mo ní ìrántí olóògbé ni."

"Ẹ ò pe nọ́ńbà náà."

"Ta ní í tẹ òkú láago? Ìgbà tí mo pè ọ́ nígbà yẹn, fóònù rẹ ò lọ. Mo wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rẹ́ rẹ ẹlẹ́rìn-ín yẹn káwọ́ lérí, ó ní, 'Màmá, kò sí mọ́.' Mo bú sẹ́kún. Òun ló fún mi ní aṣọ ìnujú."

Ìbínú ọdún mọ́kànlá tí Agídí ti ní sí ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́ dìde dúró nínú rẹ̀, ó sì yíjú sí ibòmíràn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà yín."

Páìpù tuntun kún iwájú ṣọ́ọ̀bù Ẹlẹ́rìn-ín. Bó ṣe rí Agídí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Agídí! Ẹsẹ̀ ńkọ́?" Ó wá rí Ìyá Olùkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rín gbẹ.

"Sọ fún un bó o ṣe sọ fún mi," ni ìyá wí.

"Mo ní kò sí mọ́. Ṣé irọ́ ni? Kò sí ní ṣọ́ọ̀bù mọ́, ọsibítù ló wà. Ẹ̀yin lẹ sunkún, màmá. Èmi kọ́ ni mo ní kẹ́ ẹ sunkún."

"Nígbà tí mo ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ta ló ṣe àmín?"

 Ẹlẹ́rìn-ín kọjú sí Agídí pẹ̀lú ìbínú.

"Ìwọ náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo sọ sí ọ létí, o fi gbé ọdún mọ́kànlá! Ká ní o lọ kí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn ni, àṣírí mi ì bá ti tú lọ́jọ́ náà. Bí mo bá tiẹ̀ pa ọ́, ìwọ lo sin ara rẹ!"

Ọ̀rọ̀ yìí dun Agídí wọ egungun, nítorí òótọ́ ni.

"Èmi ni mo sin ara mi," ló wí. Ó fa àga, ó jókòó. "Ó yá, hú mi jáde. Mú fóònù rẹ. Pe àwọn èèyàn mi lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Bí mi ò bá pè wọ́n ńkọ́?"

"Ibí ni màá máa jókòó sí lójoojúmọ́. Oníbàárà tó bá wọlé, màá ní, 'Ẹ káàbọ̀ o, èmi ni òkú.'"

Ẹlẹ́rìn-ín mọ̀ pé yóò ṣe é. Ọ̀gá wọn kò ṣèèṣì sọ ọ́ ní Agídí. Ó mú fóònù, ó tẹ nọ́ńbà kan, Agídí sì ní kó jẹ́ kí gbogbo àwọn gbọ́.

"Púlọ́mbà wa!" ni ohùn àgbàlagbà kan dáhùn. "Ṣé kò sí nǹkan?"

"Bàbá, ẹ rántí Agídí, tó ṣe balùwẹ̀ yín?"

"Háà, olóògbé yẹn! Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí..."

"Ẹ má parí ẹ̀, bàbá." Ẹlẹ́rìn-ín nu ojú, kò sí ẹ̀rín kankan níbẹ̀. "Kò kú. Iwájú mi ló jókòó sí yìí. Mo mọ̀ pé ó wà láàyè nígbà tí mo gba iṣẹ́ yín. Mo sì parọ́ fún òun náà, mo ní ẹ pè é ní arọ. Èmi ni mo fẹnu pa á."