Ẹni Tó Pààrọ̀ Gásíkẹ́ẹ̀tì

Dẹ́rẹ́bà fi ìka kan ọ́ìlì tó kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ó fi àtàǹpàkò rà á, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Kò kọ́kọ́ já mọ́ nǹkan lójú rẹ̀. Ọkọ̀ tó ti dàgbà ju àkọ́bí wọn lọ, bí kò bá jo ọ́ìlì lónìí, á jo omi lọ́la. Ara àgbà kì í ṣàìní ibi tó ń dùn ún. Èéfín tó rú nígbà tó sítáàtì rẹ̀ ló bí i nínú. Ọ́ìlì náà ń kán sórí páìpù sálẹ́ńsà, ibi tó máa ń gbóná janjan.

Bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ kan ló fi gbogbo ìgbà agbára rẹ̀ wà kó tó fẹ̀yìntì, kò sì fi ọkọ̀ gbá ẹnikẹ́ni rí. Ibẹ̀ ni orúkọ Dẹ́rẹ́bà ti mọ́ ọn lára, tí obìnrin rẹ̀ pàápàá fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Òun náà, bí orí obìnrin náà ti funfun tó yìí, Ìyàwó ló ṣì ń pè é. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ó fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, nísàlẹ̀ òkè gígùn tó wà lẹ́yìn àdúgbò wọn. Ìyàwó ti wọṣọ tán, ó ń wá bàtà nínú ilé.

Dẹ́rẹ́bà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì ni, rọ́bà pẹlẹbẹ tó máa ń dí ẹnu ìdérí náà kí ọ́ìlì má baà sá jáde. Bó bá ti gbó, á gan, á sì sán. Ó ti ra tuntun sílẹ̀. Ó nawọ́ sí pẹpẹ ara ògiri gáréèjì, ó rí páálí rẹ̀, àmọ́ páálí náà ṣófo. Ó wo abẹ́ pẹpẹ, kò rí nǹkan kan. Ó ní kò burú, òun á kọ́kọ́ ṣí ìdérí ná.

Nígbà tó gbé sípánà lé nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́, kò gbà á lágbára rárá. Ọwọ́ lásán ló fi tú u. Èyí tó tẹ̀ lé e náà bẹ́ẹ̀. Ta ló dé ìdérí ẹ́ńjìnnì tí kò fún nọ́ọ̀tì rẹ̀? Ó gbé ìdérí náà kúrò. Tuntun ni gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà níbẹ̀. Wọ́n ti ha ẹnu ibi tó jókòó sí mọ́ tónítóní, wọ́n sì fi gírísì díẹ̀díẹ̀ pa igun rẹ̀ kó má baà yẹ̀, bí òun gan-an ti máa ń ṣe é, tí kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Kò sí ẹlòmíì tó ń wọ gáréèjì yìí. Ó wá inú orí ara rẹ̀ bí ẹni ń táràrà nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Ìgbà wo? Kò rí nǹkan kan. Ìgbàgbé kì í ṣe àlejò fún àgbà. Ó ti wá awò ojú rẹ̀ káàkiri ilé rí nígbà tó wà lójú rẹ̀, òun àti Ìyàwó sì jọ fi rẹ́rìn-ín ni. Èyí kì í ṣe ti awò. Odidi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló dúró níwájú rẹ̀, tó ń wò ó bí àjèjì.

Ìgbà náà ni ẹ̀rù gidi wá bà á. Bó bá ṣe èyí tí kò mọ̀, kí ló tún kù tó ti ṣe?

Ó mú sípánà ńlá, ó lọ sídìí àwọn táyà iwájú. Nọ́ọ̀tì wọn le. Òógùn ti bò ó. Ó bọ́ sẹ́yìn, lápá ibi tí Ìyàwó máa ń jókòó sí, ó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì táyà ibẹ̀, nọ́ọ̀tì náà sì yí, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ìdérí ìgò omi. Gbogbo wọn ni kò fún. Ó rántí òkè gígùn náà, níbi tí ọ̀nà ti kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gbun. Ó rí táyà tó ń dá yí lọ níwájú ọkọ̀, ó rí ọwọ́ Ìyàwó tó rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni kó fún gbogbo rẹ̀, kó nu ọwọ́, kó sì panu mọ́. Bí àwọn ọmọ bá gbọ́, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú rẹ̀ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n ti ṣe fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ìgbàgbé dà láàmú nìyẹn. Ó fún nọ́ọ̀tì táyà náà, ó dìde. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó fi bi ara rẹ̀ bóyá ó fún un lóòótọ́. Ó padà, ó tún un fún. Ó tún kúrò níbẹ̀, ó tún padà. Ìgbà yẹn ni Ìyàwó yọ sí i, tó ní ṣé kò tíì ṣetán ni. Ojú rẹ̀ kò ríran tó mọ́, àmọ́ etí rẹ̀ gbọ́ bó ti ń mí.

"Ìyàwó, ta ló pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yìí?"

"Ẹ̀yin náà ni, Dẹ́rẹ́bà. Lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀ yẹn. Èmi ni mo mú ọṣẹ wá fún yín kí ẹ fi fọwọ́."

"N kò rántí."

"Mo mọ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹ tún ń sọ fún mi pé ẹ fẹ́ lọ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní bí n kò bá fi ẹnu mi sọ ọ́, bóyá kò ní rí bẹ́ẹ̀."

Dẹ́rẹ́bà wá sọ ti táyà fún un. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Ìyàwó kò bínú, kò sì sunkún. Ó táràrà títí ó fi di èjìká rẹ̀ mú, ó ní ojú òun kò ríran, orí tirẹ̀ kò rántí, bí wọ́n bá da àwọn méjèèjì pọ̀, wọ́n á ṣì tó odidi èèyàn kan. Dẹ́rẹ́bà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lápò, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Ìyàwó.

"Bí a bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, mo fẹ́ bi í léèrè ẹni tó ń tọ́jú irú èyí," ó ní. "Bí n kò bá bi í, ìwọ bi í. Má jẹ̀ẹ́ kí n sọ fún ọ pé kò sí nǹkan kan."

Takisí ni wọ́n wọ̀ lọ. Àwọn méjèèjì jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè náà, ẹsẹ̀ ọ̀tún Dẹ́rẹ́bà ń tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ léraléra, níbi tí kò sí búréèkì. Ìyàwó gbé ọwọ́ lé e lórúnkún, kò sì gbé e kúrò títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀.