Ẹ̀wà Tí Misturah Ní Ó Dára

Misturah ń ṣiṣẹ́ ní láàbù kan ní La Porte, ìlú èbúté kan lókè òkun, níbi tí wọ́n ti ń yẹ oúnjẹ tó bá ọkọ̀ ojú omi wọlé wò, bóyá oògùn tí wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n tí òfin gbà. Nígbà tí ẹ̀wà olóyin tí Àǹtí Hajarat, àbúrò ìyá rẹ̀, kó láti Èkó dé, Àǹtí bu díẹ̀ sínú ọ̀rá fún un.

"Bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Oògùn tí wọ́n ń fín sí i yìí ń bà mí lẹ́rù."

Misturah jù ú sẹ́yìn mọ́tò, ó sì gbàgbé. Nígbà tí Àǹtí pè é, ojú tì í láti sọ pé òun ò tíì ṣe é.

"Ó dára, Àǹtí. Ẹ máa tà á."

Gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù Àǹtí ní àdúgbò Gulfton ni Àǹtí ń sọ fún pé ọmọ àwọn ló yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n tiẹ̀ sè é ní mọ́ṣáláṣí, àwọn èèyàn fi ṣínu.

Ọkàn Misturah ò balẹ̀. Ó wá ọ̀rá náà jáde, ó gbé e lọ sí láàbù. Oògùn inú ẹ̀wà ju ìwọ̀n lọ. Ó tún un ṣe, bákan náà ni. Ló bá wa mọ́tò lọ sí Gulfton.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á mọ́. Irọ́ ni mo pa fún yín. N ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò nígbà yẹn. Kò dára."

Àǹtí rọra gbé kóńgò ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Kí ló dé tí o ò sọ pé ọwọ́ ẹ dí?"



Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn oníbàárà. "Ẹ dá a padà, ẹ jọ̀ọ́. Àṣìṣe tèmi ni." Wọn ò dárúkọ Misturah rárá. Ìyẹn dùn ún ju èébú lọ. Nígbà tí wọ́n ń kó ẹ̀wà dé, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ má bá Àǹtí wí. Èmi ni mo ní ó dára láìyẹ̀ ẹ́ wò."

Àwọn kan pòṣé, àwọn kan ò tiẹ̀ wò ó. Ọmọ́yẹni, oníbàárà kan tó lóyún, tẹjú mọ́ ọn.

"Ìwọ ńkọ́, ṣé o jẹ nínú ẹ̀?"

"Rárá."

Ọmọ́yẹni gbé ẹ̀wà náà sílẹ̀, ó jáde.

Títí Ọmọ́yẹni fi bímọ, tí wọ́n sì ní ara ọmọ le koko, Misturah ò sun àsùnwọra.