Àwòrán Ẹṣin

Àwọn ọmọ ilé-ìwé Cutter Flat kì í kóra jọ sọ̀rọ̀ lórí pápá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé. Bí wọ́n bá ti gbé ẹni tó di bọ́ọ̀lù mú nínú wọn ṣubú, wọ́n á dìde kíá, wọ́n á wo Kóòṣì Hadley létí pápá, òun náà á gbé pátákó aláwòrán sókè. Bí ó bá jẹ́ màlúù, kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sáré. Bí ó bá jẹ́ kànga, kí Trace, tó máa ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn, jù ú sítòsí. Bí ó bá jẹ́ ẹṣin, kí ó jù ú jìnnà réré. Eré àìsinmi yìí ti tán àwọn ará Mercer Gap, alátakò wọn, lókun.

Ṣùgbọ́n idà kò mọ orí alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́. Boone, tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn Trace kí alátakò má bàa já lù ú, ti ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Boone, ṣé o ṣì wà láyé?" Trace béèrè.

"Mo wà. Tìẹ ni kó o gbọ́."

"Irọ́ ni. O ń mí bíi màlúù tó ń rọbí."

Stroud, òmìrán Mercer Gap tó ti sinmi létí pápá, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ó dúró kọjú sí Boone, ó rẹ́rìn-ín sí Trace.

"Ọmọ dáadáa, èjìká wo ló kán lọ́dún tó kọjá?"

Dókítà ti sọ fún Trace pé bó bá tún kán, bọ́ọ̀lù ti parí fún un nìyẹn.

Kóòṣì gbé ẹṣin sókè. Ẹni tó máa jù jìnnà gbọ́dọ̀ dúró pẹ́, Boone kò sì lókun mọ́ láti dá Stroud dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Trace gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ kóra jọ."

"Àwa kẹ̀? A kì í ṣe bẹ́ẹ̀," Boone sọ.

"Òní la máa bẹ̀rẹ̀."

"Trace, kí lò ń dúró dè?" Kóòṣì ń pariwo. Trace kò wẹ̀yìn. Ó jẹ́ kí àkókò tí wọ́n ní láti tún bẹ̀rẹ̀ eré fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí aago kí èémí Boone lè balẹ̀, lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Kànga ni. Kì í ṣe ẹṣin."

Boone dá Stroud dúró fún ìṣẹ́jú akàn. Bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ Trace, Stroud sì já lù ú bí ògiri tó wó.

Trace nà sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á láti mira. Ó ká ìka rẹ̀ kò, ó tún gbé apá. Apá náà gbéra.

Níwájú, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti di bọ́ọ̀lù náà mú. Àwòrán ẹṣin ṣì wà lọ́wọ́ Kóòṣì. Ó wò ó, ó fi í lélẹ̀ sórí koríko, ó sì pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀: ẹ kóra jọ.

"Mò ń padà bọ̀ o," Stroud sọ bó ti ń kọjá.

Trace dìde, ó lọ bá àwọn yòókù. Kò sáré.