Òǹtẹ̀ Tó Fẹ́ Lé Ìyàwó Kúrò Nílé Ọkọ

Ẹ fìdí lélẹ̀, ẹ gbọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní. Mo ń kọ eré, mo sì rí òǹtẹ̀ kan tó ń dín iṣẹ́ kù: bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ẹni inú eré á sọ̀rọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ fún ìyàwó tuntun, ló bá ké sí àbúrò ọkọ rẹ̀: "Làmídì, wá jẹun."

Ìyá ọkọ ti inú ìwé yọ, n kò mọ bó ṣe ṣe é. "Ṣé ìṣojú rẹ la bí i ni, tí o fi ń pe orúkọ mọ́ ọn lórí? Di ẹrù rẹ."

Ìyàwó yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ fi í sí mi lẹ́nu."

Mo ju òǹtẹ̀ nù. "Kí ni ìwọ ìbá pè é?"

"Adúmáadán."

Mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Inú ìyá ọkọ rọ̀.

Bí mo ṣe jí nìyẹn. Ìyàwó jogún ilé ọkọ, Làmídì jogún orúkọ tuntun, èmi jogún odindi eré tí mo máa tún kọ.