Àgbà Tó Gorí Àga Nílé Akínkúnmi

Bọ̀ọ̀ọ̀mù. Báyìí ni okùn tó nípọn jù lára gìtá náà ṣe máa ń dún, bí ìgbà tí ẹnìkan ń gúnyán nílé kẹta lówùúrọ̀ ọyẹ́: o ò rí odó, o ò rí ọmọrí odó, ṣùgbọ́n inú rẹ ti mọ̀ pé oúnjẹ ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí Akínkúnmi kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ní ṣọ́ọ̀bù Mọ́ṣúdù télọ̀ ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo, orí áyọ́ọ̀nù gbígbóná ló lọ jókòó sí, kò sì tètè mọ̀.

Ọmọ Iléṣà ni Akínkúnmi, rẹwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Òun àti Mọ́ṣúdù ni wọ́n jọ ń ta gìtá kiri òde ìnáwó. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n lè wà níbi yìgì l'Óṣogbo. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, ẹ óò bá wọn níbi ìkórè n'Íléṣà. Gìtá Akínkúnmi ń dún bí agolo mílíìkì tí wọ́n da òkúta sí, Agolo náà sì ni Mọ́ṣúdù sọ ọ́. Ti Mọ́ṣúdù ló ń jẹ́ gìtá. Onígi ni, kò bẹ NEPA ní nǹkankan. Òyìnbó kan tó wá ra tábà l'Óṣogbo láyé àtijọ́ ló fi sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀ tó ń rán ṣòkòtò fún un. Pákó rẹ̀ pọ́n bí oyin. Akínkúnmi a máa ti imú bọ ihò rẹ̀, a máa gbóòórùn rẹ̀ bí ìyá tí ń gbóòórùn àtàrí ọmọ tuntun.

"Fọ ọwọ́," ni Mọ́ṣúdù máa ń wí.

"Mo ti fọ̀ ọ́."

"Fọ̀ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ kírun. Tú bẹ́líìtì rẹ náà. Irin rẹ̀ yóò ha á lẹ́yìn."

"Mọ́ṣúdù, ṣòkòtò yìí tóbi jù mí lọ."

"Ìjẹ̀ṣà, ṣòkòtò rẹ lè já bọ́. Gìtá mi ò ní ha."

Akínkúnmi á wá fi orúnkún méjèèjì há ṣòkòtò mọ́ra, á máa ta okùn, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀.

Ní 1994, ọdún tí bẹ́ńtírò di àwátì, Mọ́ṣúdù yá a ní gìtá náà fún ìkórè ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wọn. Agolo dúró l'Óṣogbo. Àdéhùn wọn ni pé tó bá di ọjọ́ Ajé, kí Bùrọ̀dá Ẹkúndayọ̀ gbé gìtá padà. Òun ló ń fi Píjò rẹ̀ kérò láàrin ìlú méjèèjì, tó sì ń bá wọn jíṣẹ́. Ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ṣì máa ń wọkọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni.

Níbi ìkórè, Akínkúnmi ta okùn ńlá yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, àlùfáà gbàgbé ibi tí ìwàásù dé. Ọjọ́ Ajé dé, ọwọ́ rẹ̀ kò gbà láti gbé e sílẹ̀. Ibi tó ti ń ronú irọ́ tí yóò pa ni ìyá rẹ̀ ti ń fi aṣọ nu gìtá, tó rí ohun tí wọ́n fi iná kọ sẹ́yìn ọrùn rẹ̀.

"Kí ni wọ́n kọ síbí?"

"Ọdún tí wọ́n ṣe é ni, Màámi. 1929."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni eéṣú jẹ oko bàbá mi. Lẹ́yìn eéṣú ni wọ́n tó bí mi! Akínkúnmi, àgbà nìyí o."

Inú Akínkúnmi dùn. Ó sáré lọ sí gáréèjì. "Bùrọ̀dá, ẹ sọ fún Mọ́ṣúdù pé àgbà ni gìtá yìí. Ìyá mi ní àgbà kì í wọ búùtù ọkọ̀."

"Kó wá jókòó níwájú."

"Pẹ̀lú bí bẹ́ńtírò ṣe wọ́n yìí? Tí ọkọ̀ bá kú sọ́nà, ṣé àgbà ló máa tì í?"

Nígbà tí Ẹkúndayọ̀ padà dé, ó ní, "Mọ́ṣúdù rẹ́rìn-ín. Ó ní kí o bá òun kí bàbá."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Akínkúnmi gbé gìtá lé itan. Kò tíì ta á dé ibì kankan tí ìyá rẹ̀ fi figbe ta.

"Yéè! Ta lo gbé lé itan yẹn?"

"Gìtá ni, Màámi."

"Gìtá tó ju ìyá tó bí ọ lọ! O gbé wọn lé itan bí ọmọ ìkókó, o ń fi èékánná ha wọ́n níkùn. Ṣé èmi náà lo máa gbé lé itan lọ́la? Ẹnu ara rẹ lo fi sọ fún Ẹkúndayọ̀ pé àgbà ni."

Wọ́n gbé àgbà sórí àga tìmùtìmù olóògbé bàbá Akínkúnmi. Láràárọ̀, Wúrà ìyàwó Akínkúnmi á kúnlẹ̀ níwájú àga náà tòun ti ìgbálẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún ẹsẹ̀ díẹ̀." Á wá yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Wọn ò sún o."

Lọ́jọ́ kan, obìnrin méjì ládùúgbò ń jà sí adìẹ. Ìyá Akínkúnmi ní kí wọ́n wá rojọ́ níwájú àgbà. Bí ọ̀kan ṣe ń búra pé òun ló ni adìẹ, ọmọńlé já bọ́ láti òrùlé, ó balẹ̀ sórí okùn ńlá. Bọ̀ọ̀ọ̀mù. Obìnrin náà ju adìẹ sílẹ̀, ó sá lọ láìwọ bàtà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gbé ẹjọ́ wá láti Ifẹ̀wàrà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀sà-Òkè ń wá bi àgbà léèrè bóyá àwọn yóò yege. Gbogbo ayé ń kí gìtá. Kò sẹ́ni tó ń ta á.

Ẹkúndayọ̀ tún dé. "Mọ́ṣúdù ní ìgbà wo ni bàbá ń bọ̀? Wọ́n pè é síbi yìgì kan, kò lọ."

"Kí ló dé?"

"Ó ní òun ò ní ẹnìkejì."

Akínkúnmi wo ilẹ̀. "Ẹ ní àgbà ṣì ń sinmi."

Nígbà tí Ẹkúndayọ̀ tún padà dé, ńṣe ló ń nu gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀.

"Kí ni Mọ́ṣúdù wí?"

"Kò wí nǹkankan. Ó ń ránṣọ."

Akínkúnmi di ọwọ́ tó ń nu gíláàsì náà mú. Mọ́ṣúdù tí kì í lè panu mọ́! Bí ó bá bú òun ni, ì bá sàn.

Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni àwọn bàbá ìjọ wá. Wọ́n ti pinnu pé àgbà ni yóò ṣe Bàbá Ìkórè lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ wá wọn ọrùn rẹ̀, kí wọ́n lè rán agbádá fún un.

"Ta ni yóò wá ta á?" ni Akínkúnmi bi wọ́n.

"Ta kí ni? Alága ni wọ́n! Ìwọ ni wàá máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn."

Akínkúnmi wo ìka ọwọ́ òsì rẹ̀. Ibi tí okùn ti sọ di líle láti ọjọ́ pípẹ́ ti ń bó bí èèpo ẹ̀pà, abẹ́ rẹ̀ sì rọ̀ múlọ́múlọ́. Ó fi àwọn bàbá sílẹ̀ níbẹ̀. Ó bọ́ síta, ó ń sáré, ó gba àárín ariwo gáréèjì kọjá, ariwo tó jẹ́ pé ẹni tó ti jìnnà sílé nìkan ló mọ adùn rẹ̀. Ẹkúndayọ̀ ti ṣáná sọ́kọ̀. Akínkúnmi di ilẹ̀kùn Píjò mú.

"Bùrọ̀dá, ẹ sọ fún Mọ́ṣúdù pé mo ní: wá mú bàbá rẹ lọ sílé. Fúnra rẹ ni kí o wá. Kí o dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá mi, kí wọ́n lè yọ̀ǹda bàbá fún ọ. Gbé Agolo mi dání, ìka mi ti ń di ti ọmọ ìkókó. Tí a bá ti jáde nílùú, a ó jókòó sábẹ́ igi kan, ìwọ pẹ̀lú bàbá, èmi pẹ̀lú Agolo. Má sì de bẹ́líìtì bọ̀."