Mufleh Gun Kẹ̀kẹ́ Lọ sí Sidra

Ọ̀pọ̀ ọdún ni Mufleh fi wa bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò láti Amman lọ sí Sidra, ahoro ìlú àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò wọ inú ibẹ̀ rí. Bí èrò bá ti sọ̀kalẹ̀, orí ìjókòó ẹ̀yìn ló máa ń sùn sí títí wọ́n á fi dé. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra kẹ̀kẹ́ ológeere, ó di omi àti àgọ́ kékeré mọ́ ọn, ó ní òun nìkan lòun máa gùn ún gba orí òkè lọ.

Salma ìyàwó rẹ̀ wò ó títí. “Ṣé kò sí o?”

“Kò sí. Bọ́ọ̀sì ló ń sáré jù. Mo fẹ́ mọ ibi tí mo ti ń gbà kọjá látọjọ́ yìí.”

Òkè tí bọ́ọ̀sì máa ń gùn kí èèyàn tó mu sìgá kan tán gba odidi òwúrọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ ń gbá a lójú, àpáta pupa yí i ká, kò sì gbọ́ nǹkan kan ju mímí ara rẹ̀ lọ. Ó ṣàkíyèsí pé kọ́nà nìkan lòun mọ̀ lójú ọ̀nà yìí. Òun ò mọ òórùn ewé rẹ̀ rárá.

Omi rẹ̀ ti tán nígbà tó rí àgọ́ onírun ewúrẹ́ kan. Ìyá arúgbó kan jókòó síwájú rẹ̀. Ìyá Dahir ni wọ́n ń pè é.

“Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ ni?”

“Rárá o, Màmá. Èmi ni mo fi í sílẹ̀.”

“Irú yín loòrùn ń pa.” Ó rẹ́rìn-ín, ó bu omi fún un, ó sì gbé tíì ka iná. “Ibo lò ń lọ?”

“Sidra ni.”

“Ilé mi lò ń lọ yẹn. Inú àpáta yẹn ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo bí Dahir sí, kí wọ́n tó ní ká kó jáde nítorí àwọn àlejò tó ń wá wò ó.”

“Ẹ kì í lọ wò ó mọ́?”

“Orúnkún mi ò gbà. Ọkọ̀ Dahir ò sì lè gba àárín àpáta yẹn kọjá.”

Mufleh wo kẹ̀kẹ́ rẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká lọ, Màmá.”

“Lórí nǹkan yìí? Kí wọ́n wá máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?”

“Ta ló máa rí yín? Àwọn ewúrẹ́?”

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ó fi àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ sí ìkáwọ́ ìyàwó Dahir, Mufleh tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ́ kúbùsù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó gbé ìyá jókòó, ó sì ń tì í lọ. Nínú ọ̀nà tóóró tó gba àárín àpáta, ìyá ń nàka sí ibi tí ràkúnmí bàbá rẹ̀ ti ṣubú, àti ibi tí wọ́n ti ń pọnmi. Mufleh ti gbọ́ orúkọ àwọn ọba Sidra lẹ́nu àwọn afinimọ̀nà, kò gbọ́ èyí rí. Nígbà tí àwọn àlejò kan gbé fóònù sókè, ìyá fi ìborùn bojú. “Ẹ ya àpáta, ẹ má ya mí!”

Nígbà tí wọ́n dé ilé rẹ̀, yàrá kan báyìí nínú àpáta ni. Àjà rẹ̀ dúdú. “Èéfín iná ìyá mi nìyẹn,” ló wí. Ṣùgbọ́n ike omi àti bébà ìdọ̀tí kún ilẹ̀. Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣà wọ́n. Mufleh náà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ìyá jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

“Mo rò pé ó tóbi ju báyìí lọ,” ló wí nígbẹ̀yìn.

Mufleh jókòó tì í.

“Ó tó. Gbé mi lọ, àwọn ewúrẹ́ mi ò tíì mumi.”

“Ẹ ò fẹ́ pẹ́ sí i?”

“Kí n máa ṣe kí ni? Mo ti rí i.”

Mufleh ò wo ibòmíràn ní Sidra. Ó ti ìyá padà sílé, ẹ̀gbẹ́ àgọ́ wọn ló sì sùn. Nígbà tó jí, búrẹ́dì àti wàràkàṣì gbígbẹ wà lórí ẹrù rẹ̀, ìyá sì ti da ẹran lọ. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń yọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sí àfonífojì, ó sì ń gbọ́ ohùn ìyá láti òdìkejì òkè, níbi tó ti ń bú ewúrẹ́ kan tí kò gbọ́ràn.