Kókó Ọrùn Ọwọ́ Tumirah

Kókó kan yọ sí Tumirah lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún, ó tó ẹyin àdàbà. Ọwọ́ yìí ló sì fi ń ṣiṣẹ́ jẹun láti kékeré. Òun ló fi ń di canting mú, ife idẹ kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n fi ń da ìda gbígbóná sára aṣọ, kí aró má baà mu ibi tí ìda bá wà. Ní abúlé wọn lẹ́bàá ìlú Imogiri, kò sí ẹni tí ìlà rẹ̀ tọ́ tó tirẹ̀. Òun náà mọ̀, kì í sì í fi pamọ́.

Aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe fún títà. Slobog ni, aṣọ tí wọ́n ń dà bo òkú kí ọ̀nà rẹ̀ lè là. Sarpan ọkọ rẹ̀ ló ń ṣe é fún. Àìsàn àyà ti ń ṣe bàbá náà láti ọdún tó kọjá, wọ́n sì ti sọ fún wọn nílé ìwòsàn pé kò lè pẹ́ mọ́.

"Ìyá Darmi, àfi ìwọ náà," Sarpan á wí láti orí ibùsùn. "Ìyàwó wo ló ń ṣe aṣọ òkú fún ọkọ ẹ̀ lójú ara ẹ̀?"

"Ìyàwó tí ò fẹ́ kí wọ́n fi aṣọ ọjà bo ọkọ òun ni. Sùn jàre, Baba Darmi."

Dókítà ti fi abẹ́rẹ́ fa omi kókó náà rí, omi tó ń yọ̀ bí ilá. Oṣù méjì, ó tún wú. Nígbà tí ìrora wá ń mú kí ìda kán síbi tí kò yẹ, Tumirah gbà pé kí wọ́n là á.

"Kì í ṣe èyí tó ń pààyàn, Mbah," ni dókítà wí, ó ń pè é bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà. "Ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú oríkèé, a ní láti hú u kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yìí ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

Warsi, tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọmọge, wá bá a nílé.

"Ìbú ọwọ́ mẹ́ta péré ló kù. Gbé e wá, kí n bá ẹ parí ẹ̀. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún lọwọ́ fi ń mọ́."

"Kí ọwọ́ méjì hàn nínú aṣọ ọkọ mi? Warsi, ìlà tìẹ máa ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí."

Warsi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Kò mẹ́nu bà á mọ́.

"Lọ tọ́jú ọwọ́ ẹ," Sarpan sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Màá dúró dè ẹ́. Ọ̀run kì í ṣe ọkọ̀ ojú irin, kò lè fi mí sílẹ̀ lọ."

Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹran ara kú. Ó ń gbọ́ ìró àlùmọ́gàjí lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta sí i lójú, kò sì mọ ìrora kankan. Dókítà fi àpò funfun kékeré náà hàn án, tòun ti ìdí rẹ̀, lẹ́yìn náà ló rán ojú abẹ́, ó sì fi pátákó dè é.

Lọ́jọ́ kọkànlá, Sarpan mu tíì àárọ̀ rẹ̀ tán, ó ní òun fẹ́ rẹjú díẹ̀. Kò jí mọ́.

Aṣọ Tumirah ò ṣeé lò. Ìda ṣì gan paali lára rẹ̀, kò tíì fojú kan aró. Darmi ọmọ wọn sáré lọ sọ́jà, ó ra slobog tí ẹ̀rọ tẹ̀, òun ni wọ́n sì dà bo bàbá rẹ̀ títí wọ́n fi gbé e lọ wẹ̀. Tumirah dúró tì í, ó gbé ọwọ́ dídè náà lé àyà, ó ń wo ìlà tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò fà. Ojú ọkọ rẹ̀ ń tì í. Warsi wà níbẹ̀, ó ń bu omi fún àlejò. Tumirah ì bá fẹ́ kó bú òun. Ọjọ́ mẹ́rin ni Warsi ì bá fi fà á tán, wọn ì bá sì ti rẹ ẹ́ láró.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, dókítà tẹ ọrùn ọwọ́ náà síwájú, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Ojú abẹ́ ti jinná dáadáa.

"Ṣé ó dùn yín, Mbah?"

"Rárá."

"Ẹ lè padà sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń sunkún?"

"Kò dùn mí rárá ni, dókítà," Tumirah dáhùn. "Tó bá dùn mí díẹ̀ ni, ara ì bá tù mí."